Ìdí tí ara àgbà kì í fi tètè mọ ooru àti òtútù

Nínú oṣù Kẹrin, ní Sabon Gari Kano, ẹ lè bá ìyá àgbà nínú yàrá tó gbóná bí ààrò, kí wọ́n fi ìró méjì bora, kí wọ́n ní òtútù ń mú àwọn. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ara wọn sọ fún wọn nìyẹn.

Apá kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń ṣọ́ ìgbóná ara kó má jìnnà sí 37°C. Bí ooru bá pọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fẹ̀ kí ooru inú lè rí ọ̀nà jáde, òógùn á sì sun. Bí òógùn náà ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Bí òtútù bá dé, iṣan ẹ̀jẹ̀ á súnkì, ara á sì máa gbọ̀n láti mú ooru wá.

Bí ọjọ́ orí bá ti lọ, gbogbo rẹ̀ á dẹ̀. Òógùn á dín kù, ẹran ara tí ì bá gbọ̀n á ti joro. Ti òǹgbẹ ló le jù: omi lè ti tán lára àgbà kí ọ̀fun wọn tó béèrè. Ní Kano, Sókótó àti Maiduguri, ooru máa ń kọjá 40°C lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ á sì gbẹ débi pé òógùn ti lọ kí ojú tó rí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ léraléra tún ń fa omi kúrò (dókítà nìkan ló lè ní kí wọ́n dín in kù o). Nítorí náà, kí a máa gbé omi fún wọn, kí a má dúró de ìgbà tí wọ́n máa béèrè. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná kò tó. Aṣọ tútù lọ́rùn àti lápá ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ní Jos tàbí Abuja, àgbà lè má gbọ̀n rárá, kí ara wọn sì ti wá sísàlẹ̀ 35°C. Ọ̀rọ̀ á wúwo lẹ́nu wọn, oorun á máa kùn wọ́n. Ẹ má gbé èédú tó ń jó sínú yàrá tí a tì. Èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn ń pani.

Ibà náà kì í fara hàn dáadáa. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró lè wà lára àgbà láìsí ìgbóná púpọ̀. Tí wọ́n bá ṣàdédé ń ṣi èèyàn mọ̀, tàbí tí wọn ò jẹun mọ́, kí wọ́n dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, bí awọ wọn tilẹ̀ tutù.