Kì í ṣe UAA ló ń dá pólímérésì dúró

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ Terminale D (kíláàsì sáyẹ́ǹsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama) kan ní Kétu pé ibo ni RNA pólímérésì, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń da DNA kọ sí RNA, ti ń parí iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó dáhùn pé UAA ni. Àṣìṣe yìí ń bí ni nínú, torí ó da iṣẹ́ ẹ̀rọ méjì pọ̀. UAA, UAG àti UGA jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúró onílẹ́tà mẹ́ta tí ríbósómù ń gbọ́ nígbà tó bá ń ka RNA, tí wọ́n ń pè ní ARN nílé ẹ̀kọ́ wa, láti fi to purotéènì. Pólímérésì kò gbọ́ wọn rárá. Ó ń kọjá lórí wọn bí àlejò tó ń kọjá níwájú ilé tí kò mọ onílé.

Nínú baktéríà bí E. coli, ohun tí pólímérésì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń dá a dúró. Ẹ wo ẹni tó ń ran òwú. Pólímérésì ń sáré lórí DNA, nǹkan bí lẹ́tà 40 sí 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, RNA sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí òwú lẹ́nu ìrànwú. Lẹ́tà 9 tàbí 10 tó kẹ́yìn nìkan ló ṣì lẹ̀ mọ́ DNA. Ìyókù lè ká bó bá ṣe fẹ́. Ní òpin jíìnì, apá méjì wà lára òwú náà tí lẹ́tà G àti C pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n sì bára mu. Apá kejì á ṣẹ́rí padà, á lẹ̀ mọ́ èkíní, á di ìkọ́, bí òwú tí a ran jù ṣe ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀ tí a bá dẹwọ́. Kété lẹ́yìn ìkọ́ ni U bíi 7 tàbí 8 tò tẹ̀ léra, ìdìmú U mọ́ A ara DNA ló sì rọ̀ jù lọ.

Orí àwọn U yìí ni pólímérésì ti ń dúró díẹ̀. Bí kò bá dúró, yóò ti kọjá kí ìkọ́ tó so. Nítorí tó dúró, ìkọ́ ráyè dì, ó fa RNA tu kúrò lára DNA, ẹ̀rọ náà jábọ́. Ẹni tó bá pe ìdúró yìí ní àléébù kò tíì wò ó dáadáa. Ọ̀nà mìíràn ni ti Rho, tí Jeffrey Roberts kéde ní 1969, purotéènì bí òrùka tó ń gun RNA tọ pólímérésì lẹ́yìn. Òun náà, ìdúró ló fi ń bá a.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù ni àwọn jíìnì 5 tí E. coli fi ń ṣe trípítófáànì (ọ̀kan lára ásíìdì amino, ìyẹn ẹyọ tí a fi ń to purotéènì), tí Charles Yanofsky àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tú wò. Ẹni tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu yóò tètè gbà á. Ìyá ìlù á sọ gbólóhùn, ẹsẹ̀ oníjó á tún un sọ lórí ilẹ̀, irin ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún, àwọn méjèèjì á sì já lójú kan náà. Bí onílù bá sáré fi oníjó sílẹ̀, ìlù ì báà dùn, àwọn àgbà tó jókòó á mi orí. Pólímérésì ni onílù níhìn-ín, ríbósómù ni oníjó. Onílù á lu gbólóhùn àkọ́kọ́, á dúró. Oníjó á bọ́ sójú agbo, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka RNA, bíbọ̀ rẹ̀ ló sì ń tú onílù sílẹ̀. Láti ìgbà náà wọ́n ń bá ara wọn rìn.

Gbólóhùn yìí kúrú, purotéènì rẹ̀ kò ju ásíìdì amino 14 lọ, ṣùgbọ́n UGG méjì tẹ̀ léra nínú rẹ̀, trípítófáànì sì ni UGG ń béèrè. Òwú ìbẹ̀rẹ̀ yìí ní apá 4 tó lè so mọ́ ara wọn. Bí trípítófáànì bá pọ̀, ẹsẹ̀ oníjó á tètè kọjá, á tẹ apá 2 òwú náà mọ́lẹ̀. Apá 3 àti 4 á so di ìkọ́ ìparí, pólímérésì á jábọ́. Bí ó bá wọ́n, oníjó á há sórí UGG, apá 2 á ráyè di 3 mú, ìkọ́ ìparí kò ní lè so, pólímérésì á sì máa lọ títí yóò fi da jíìnì márààrún kọ. Kò sí oníṣẹ́ tó wá jẹ́ fún un pé nǹkan ti tán. Láti ẹsẹ̀ ẹni tó há ni àìtó náà ti ń sọ̀rọ̀.

Lára ènìyàn, èyí kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí inú kóró sẹ́ẹ̀lì ni pólímérésì wà, ìta ni ríbósómù wà. Onílù kò rí oníjó. Níbẹ̀, àmì AAUAAA ló ń jẹ́ kí wọ́n gé RNA. Pólímérésì á ṣì máa sá lọ lẹ́yìn gígé náà, á máa fa ìrù òwú tuntun, purotéènì Xrn2 á sì máa jẹ ìrù yẹn láti ojú ibi tí wọ́n gé títí yóò fi lé e bá. Lóòótọ́, UAA wà nínú AAUAAA, ẹ kà á wò, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gé ló ń kà á, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ríbósómù.