Ẹlẹ́kítíródù ECG tó ṣì ipò

Ẹlẹ́kítíródù (orí wáyà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara) ṣì ipò nígbà tí wáyà ẹ̀rọ ECG, ẹ̀rọ tí ń ya ìrìn iná inú ọkàn sórí pépà, bá bọ́ sí ibòmíràn lára aláìsàn. ECG onílà 12, tí ìlà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń wo iná ọkàn láti igun kan, ń lo wáyà 10: 4 fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀, 6 (V1 sí V6) fún àyà.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí wáyà ọwọ́ méjèèjì pààrọ̀ ara wọn. Ìlà I (èyí tó ń wo àárín ọwọ́ méjèèjì) á dorí kodò, ìlà aVR (èyí tó ń wo ọkàn láti ọwọ́ ọ̀tún) tó yẹ kó kọjú sílẹ̀ á sì gbójú sókè. Àwọn tí a bí pẹ̀lú ọkàn lápá ọ̀tún náà máa ń ní irú ìlà I yìí, àmọ́ ìgbì R wọn (ṣóńṣó tó yọ sókè nínú ìlà) á máa kéré sí i láti V1 lọ sí V6. Bí wáyà ọwọ́ bá pààrọ̀, ìlà àyà kò ní yí padà.

Bí wáyà ọwọ́ ọ̀tún bá pààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìlà II á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, torí ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń wọ̀n, iná wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ẹsẹ̀ méjèèjì ò ba nǹkan kan jẹ́. Ti ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ló nira jù lọ láti mọ̀: pépà náà lè dà bíi ti aláàfíà, àfi kí dókítà fi wé ECG àtijọ́ aláìsàn náà. Òfin Willem Einthoven, ọmọ Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924, pé ìlà I àti III papọ̀ jẹ́ ìlà II, kò lè tú àṣírí yìí, torí ó dúró bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tí wáyà ti pààrọ̀.

Àlàfo kẹrin láàárín eegun ìhà ni ipò V1 àti V2. Bí wọ́n bá gbé wọn ga jù, ó lè jọ pé iṣan ọkàn ti kú níbì kan. Ní Kánò àti Zaria, níbi tí àrùn ọkàn tí ń mú ìyá ọlọ́mọ tuntun ti wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ V4 gba àkíyèsí: abẹ́ ọmú ni wọ́n ń fi sí, kì í ṣe orí rẹ̀.

Àwọ̀ wáyà náà ń dá kún un. Ní ìlànà Yúróòpù, pupa ni ọwọ́ ọ̀tún, yẹ́lò ni ọwọ́ òsì, ewé ni ẹsẹ̀ òsì, dúdú ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ní ti Amẹ́ríkà, funfun ni ọwọ́ ọ̀tún, dúdú ni ọwọ́ òsì, pupa ni ẹsẹ̀ òsì, ewé ni ẹsẹ̀ ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì tó kúrò ní Ìlọrin lọ ṣiṣẹ́ ní Àbújá lè bá ìlànà kejì pàdé níbẹ̀. Lẹ́tà ara wáyà ló yẹ kó kà.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ayé òde òní máa ń kìlọ̀ fúnra wọn, nípa wíwo ibi tí ìgbì P (ti ìyẹ̀wù òkè ọkàn) àti QRS (ti ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ rẹ̀) kọjú sí. Ní 2011, ìdíje PhysioNet, ibi ìkójọ dátà ìṣègùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wá ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ lórí fóònù, lójú ẹsẹ̀, bóyá ECG tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ṣeé lò.