Omi kànga yín mọ́ gaara, ta ló wá ń gbé lókè yín?

Gbogbo ìgbà tí mo bá délé l'Ìkéré ni mo máa ń gbọ́ ọ, pé omi kànga wa ò lè ṣèèyàn ní nǹkan kan, ṣé ẹ ò rí bó ṣe mọ́ gaara ni, ó tutù nini, kò rùn, àti pé látìgbà tí bàbá àgbà ti gbẹ́ ẹ la ti ń mu ún, ta ló kú? Dádì mi ló máa ń sọ ọ́, tí wọ́n bá sì ti sọ ọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Mi ò jẹ́ pe àgbà nírọ́, àmọ́ ojú ò lè rí kòkòrò onígbáméjì, ahọ́n náà ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ ti London lọ́dún 1854. Onígbáméjì ń pa wọ́n ládùúgbò Broad Street, àwọn èèyàn ní afẹ́fẹ́ tó ń rùn ló fà á. Dókítà John Snow ní rárá, omi ni, ó wá ń tọpa ilé tí wọ́n ti kú, nígbà tó kó gbogbo ẹ̀ sórí máàpù, yíká pọ́ǹpù kan ṣoṣo tó ń fa omi kànga ló kún sí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pọn bíà nítòsí ibẹ̀, onígbáméjì ò pa ìkankan nínú wọn, bíà ni wọ́n ń mu (ẹ má tìtorí ìyẹn lọ sí bíà pálọ̀ o). Ìyá opó kan tún wà ní Hampstead, ọ̀nà jíjìn, tó fẹ́ràn adùn omi pọ́ǹpù yẹn débi pé wọ́n ń gbé e wá fún un lójoojúmọ́. Omi adùn yẹn ló pa á. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ tí wọ́n rí i pé kòtò ẹ̀gbin ilé kan ń jò, kò sì tó mítà kan sí kànga náà.

Ẹ wá wo Èkìtì tiwa, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àpáta ló wà nísàlẹ̀, omi kànga wa ò jìn, ohun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ lókè máa ń rọra sọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà gbẹ́ kànga yẹn, oko ló yí i ká. Báyìí ńkọ́? Satẹ́láìtì Landsat ti ń ya àwòrán ilẹ̀ láti 1972, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi ti àtijọ́ wé ti ìsìnyí kẹ́ẹ rí bí Adó ṣe fẹ̀ látìgbà tó ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1996. Àwọn tó ń fi dátà ṣiṣẹ́ lórí máàpù máa ń to kànga, ṣálángá, ìdagẹ̀rẹ́ ilẹ̀ àti iye èèyàn tó wà nílé kọ̀ọ̀kan lé ara wọn, torí ibi tí aláìsàn pọ̀ sí lè jẹ́ ibi tí èrò pọ̀ sí lásán. Máàpù ò rí kòkòrò o, iṣẹ́ lábù nìyẹn, kànga tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé omi ẹ̀ lọ sí lábù ló máa fi hàn.

Nígbà Àjíǹde mo fi fóònù mi sàmì sí kànga wa àti sọ̀kàwéè tó yí wa ká. Tiwa jìnnà dáadáa. Ti ilé òkè, lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ni wàhálà. GPS fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣì, mo bá yá téèpù káfíńtà: mítà 11 ló wà láàárín sọ̀kàwéè wọn àti kànga wa, bẹ́ẹ̀ mítà 30 ló yẹ kó jẹ́, ó kéré tán.

Dádì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, àwọn ò gbọ́ òórùn kankan rí. Wọ́n gba téèpù lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ wọ̀n ọ́n fúnra wọn. 11 náà ni. Omi tí wọ́n máa fi lo oògùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mọ́mì ti gbé e kaná.