Oyè kejì fún àkítẹ́ẹ̀tì: ìgbà wo ló ń mówó wá?

Mo ti gba B.Sc. Ṣé dandan ni kí n padà sí yunifásítì?

Bí ẹ bá fẹ́ fi èdìdì ara yín lu àwòrán ilé ní Nàìjíríà, dandan ni. ARCON, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1969 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kì í gba B.Sc. ọlọ́dún mẹ́rin nìkan. Oyè kejì ọlọ́dún méjì ló tẹ̀lé e (UNILAG ń pè é ní MED, ọ̀pọ̀ ibòmíràn ń pè é ní M.Sc.), lẹ́yìn náà ọdún méjì iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, kí ìdánwò tó kàn. Ẹni tó dúró sí B.Sc. lè mọ àwòrán yà ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, orúkọ ọ̀gá náà ni yóò wà lábẹ́ ìwé.

Ṣé M.Sc. yòówù ló ṣe é?

Rárá o. Ibí gan-an lowó ti ń ṣòfò jù. M.Sc. ọlọ́dún kan tí ẹ gbà ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àbójútó iṣẹ́ ìkọ́lé dára, àmọ́ kì í ṣe Part 2, ìpele kejì ẹ̀kọ́ àkítẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń béèrè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, nínú àwọn oyè kejì, M.Arch. (oyè kejì fún iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì gan-an) ni NAAB, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ àkítẹ́ẹ̀tì wò, ń fọwọ́ sí, kì í fọwọ́ sí M.S., bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà lè máa fúnni ní méjèèjì. Orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ wò lórí ìwé ìgbìmọ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ má wo orúkọ yunifásítì nìkan.

PhD ńkọ́?

Iṣẹ́ olùkọ́ ló wà fún. Oníbàárà tó fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta kò ní béèrè rẹ̀.

Àkànṣe wo ló yẹ kí n mú?

Èyí tí àṣìṣe rẹ̀ ń náni lówó púpọ̀. Bíi ilé ìwòsàn: aṣọ tó dọ̀tí àti irinṣẹ́ tó mọ́ kò gbọ́dọ̀ pàdé lójú ọ̀nà, ilẹ̀kùn tí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn yóò gbà sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1.2. Ẹni tó gbàgbé ìyẹn, ògiri ni yóò wó. Ìwé ẹ̀rí EDGE, tí wọ́n ń fún ilé tí kì í fi nǹkan ṣòfò, náà wúlò: ó ń fẹ́ kí ilé fi ìdá 20 nínú 100 dín iná kù, kó dín omi kù bẹ́ẹ̀, kó sì dín ìpalára tí ṣíṣe ohun èlò ìkọ́lé ń ṣe fún àyíká kù bẹ́ẹ̀. Ìdánwò lẹ fi ń di amòye rẹ̀, kò gba ọdún méjì ní kíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ gba èdìdì ná.