Ìdí tí ẹsẹ̀ fi ń ro nígbà ìrìn, tí ó sì ń fúyẹ́ téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀

Àgbẹ̀ tó dàgbà díẹ̀ ní Kétu lè fi ọkọ́ eléèkù kúkúrú roko láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi mú, kí nǹkan má ṣe é. Ìgbà tó bá gbé ọkọ́ lé èjìká tó ń bọ̀ nílé ni wàhálà máa ń dé. Ìdí á máa ro ó, itan á wúwo, ẹsẹ̀ méjèèjì á kú tipiri. Yóò jókòó sídìí igi díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì lọ. Àwọn ará ilé á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á se àgbo fún un. Àgbo kò lè dé ibi tọ́rọ̀ wà: ihò inú eegun ẹ̀yìn ló ti fún.

Eegun ẹ̀yìn 5 ló wà níbàdí. Ihò kan gba inú wọn kọjá, ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára tó ń darí ẹsẹ̀ gbà sọ̀kalẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń kọjá ọmọ 50 ọdún, kerekere tó wà láàárín eegun á máa gbẹ, á sì máa yọ sẹ́yìn. Eegun oríkèé á máa hù sí i. Okùn tó so eegun mọ́ra á máa nípọn. Gbogbo wọn ló ń jẹ nínú àyè ihò yẹn, pàápàá láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún. Iṣan tí wọ́n há mọ́ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó nígbà tí ìrìn bá ń gbà á lágbára.

Béèyàn bá nàró ṣánṣán, okùn yẹn á ká jọ sínú ihò. Bó bá tẹ̀ síwájú, okùn á nà, àyè á sì ṣí. Ìdí nìyẹn tí gígun kẹ̀kẹ́ fi máa ń rọ àwọn tí ihò wọn fún lọ́rùn ju ìrìn lọ, tí ìyá tó ru ẹrù lọ sọ́jà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì lè jìyà ju ẹni tó ń ti ọmọlanke: ẹrù orí kì í jẹ́ kéèyàn tẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa náà máa ń dúró lọ́nà, àmọ́ ìdúró lásán ti tó o. Kò dìgbà tó bá jókòó tàbí tó tẹ̀ síwájú. Nítorí náà, bíbi aláìsàn léèrè ohun tó ń jẹ́ kí ìrora náà lọ wúlò ju fọ́tò eegun lọ, nítorí fọ́tò eegun kì í fi iṣan hàn. IRM, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn, ó sì lè rí ihò tó fún lára ẹni tí nǹkan kan kò dùn.

Ọ̀pọ̀ ni kò nílò iṣẹ́ abẹ. Oníkinẹ́, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, á kọ́ wọn ní eré tó ń tẹ ẹ̀yìn síwájú, tó sì ń mú iṣan ikùn le. Oògùn ìrora tí wọ́n ń rà lójú pópó, téèyàn bá sọ ọ́ di oúnjẹ, á ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Kí ọmọdé máa gun ẹ̀yìn àgbà mọ́lẹ̀ kò dáa rárá. Abẹ́rẹ́ kọ́tísọ́ọ̀nù, oògùn tó ń mú wíwú rọ, lè mú ìrora rọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ kì í la ihò.

Bí abẹ́ bá kú tipiri téèyàn ò mọ nǹkan lára níbẹ̀ mọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò jáde mọ́ tàbí tó ń dà fúnra rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Fún àwọn tí ìrìn ti sú pátápátá, dókítà oníṣẹ́ abẹ lè gé eegun tó bo ihò náà lẹ́yìn kúrò. Ìrora ẹsẹ̀ ni èyí ń mú lọ jù. Ti ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lè ṣẹ́kù.