Bí Ẹ̀dọ̀fóró Obìnrin Ṣe Lè Súnkì Lásìkò Nǹkan Oṣù

Ẹ̀dọ̀fóró kì í fẹ ara rẹ̀. Àyà ló ń fà á fẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà láàárín òun àti egungun ìhà: ọ̀kan bo ẹ̀dọ̀fóró, èkejì tẹ́ ògiri àyà nínú, omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn láìpínyà. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Bí ó bá ráyè wọlé, awọ méjèèjì á pínyà, ẹ̀dọ̀fóró á sì súnkì bíi fèrè tí wọ́n tú ẹnu rẹ̀, àyà á máa dun ẹni náà, èémí á sì ṣòro láti mí délẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ga tó sì tín-ín-rín, àwọn tó ń mu sìgá àti àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ ìṣòro yìí jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, apá ìsàlẹ̀ ara ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Endometriosis ni orúkọ àrùn tí ohun tó jọ awọ inú ilé ọmọ fi ń hù sí ibòmíràn nínú ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé obìnrin bíi 190 mílíọ̀nù ló ní in, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ. Inú ikùn nísàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, lára ilé ẹyin tàbí ìfun. Ibi yòówù kó hù sí, họ́mónù kan náà tó ń darí ilé ọmọ ló ń darí rẹ̀: yóò nípọn, yóò sì ṣẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà kò ní ojú ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Báwo ló ṣe ń gòkè dé àyà? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ dókítà gbà ni pé díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù, pẹ̀lú ègé awọ inú ilé ọmọ, máa ń padà gba ọ̀nà ẹyin wọ inú ikùn. Omi inú ikùn kì í sì í dúró sójú kan. Ó máa ń rọra gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun ńlá ní apá ọ̀tún títí yóò fi dé abẹ́ ẹran pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín ikùn àti àyà, lókè ẹ̀dọ̀. Níbẹ̀, awọ kan tó so ẹ̀dọ̀ mọ́ ara kì í jẹ́ kó rékọjá sí òsì, nítorí náà ohun tí omi náà bá gbé lọ́wọ́ á gúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún ló ń súnkì nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ó tún lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé inú ẹ̀dọ̀fóró gan-an, àmọ́ ìyẹn kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ohun tó hù náà ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ tó sì ń já dànù lára ẹran ìpààlà yìí lóṣooṣù, ó lè lu ú. Ní ọjọ́ mìíràn, ikun tó wà lẹ́nu ilé ọmọ ń ṣe bí ìdérí; nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, ìdérí yẹn á kúrò, afẹ́fẹ́ á sì lè gba ojú ara wọlé, kó gba ilé ọmọ àti ọ̀nà ẹyin bọ́ sínú ikùn, kí mímí sì fà á gba inú ihò náà sínú àyà. Ó jọ àlọ́, ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti rí afẹ́fẹ́ nínú ikùn àwọn aláìsàn kan. Síbẹ̀, kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn. Ní ti àwọn mìíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ni ohun náà hù sí, tí ibẹ̀ sì ń jò nígbà tó bá já.

Ní ọdún 1958 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Maurer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Catamenial pneumothorax ni wọ́n wá ń pè é: pneumothorax ni afẹ́fẹ́ tó wọ àyà, catamenial sì wá látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oṣooṣù. Àsìkò sì ni àmì rẹ̀ tó dáni lójú jù: láti ọjọ́ kan ṣáájú nǹkan oṣù sí wákàtí 72 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ló sábà máa ń ṣe. Ìrora náà lè má tilẹ̀ mú un láyà. Èjìká ọ̀tún ni yóò ti máa dùn ún, nítorí iṣan ìmọ̀lára tó ń sin ẹran ìpààlà náà láti ọrùn ló ti wá. Wọ́n á fi òróró pa èjìká, ara á sì tù ú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, torí ara lè fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ gbẹ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá wá ya X-ray lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè má fi nǹkan kan hàn.

Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ àárín egungun ìhà, ẹnu rẹ̀ kejì á sì wà nínú omi inú ìgò, kí afẹ́fẹ́ lè máa hó jáde láìlè padà. Ìyẹn kò dí ihò o. Kámẹ́rà kékeré ni oníṣẹ́ abẹ máa ń fi wo inú àyà, ó sì dára kó jẹ́ lásìkò nǹkan oṣù, nígbà tí ohun tí wọ́n ń wá hàn kedere: àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí èsè àlùkò, pẹ̀lú àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó mú ẹran ìpààlà náà dà bí asẹ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan yóò fò wọ́n dá. Wọ́n á gé ibi tó lu kúrò, wọ́n á rán an, wọ́n á sì mú kí ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ mọ́ ògiri àyà. Lẹ́yìn náà ni oògùn họ́mónù tí yóò dá nǹkan oṣù dúró fún oṣù mélòó kan yóò tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, ó ṣì ń padà wá fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá bí oògùn bá tán. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ní kí aláìsàn máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí àyà tàbí èjìká dùn ún sójú ìwé kan náà.