Awọ tín-ín-rín tó ń gba irin lọ́wọ́ ìpáàrà

Ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń ta irin ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ẹ máa rí páìpù méjì tó gùn bákan náà tó fẹ̀ bákan náà, àmọ́ owó wọn ò sún mọ́ra rárá, ọ̀kan dúdú, ìkejì ń dán. Irin kan náà ni o. Awọ síǹkì tí wọ́n fi bo ìkejì ló mówó yẹn gun òkè. Awọ yìí ò sì nípọn rárá: tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan, síǹkì tó sì wà lára páìpù tí wọ́n bò dáadáa ò ju bíi máíkírọ́ọ̀nù 45 sí 85 lọ, kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju irun orí èèyàn. Ti páànù òrùlé tún kéré sí i. Páànù tí wọ́n kọ Z275 sí lára, gíráàmù 275 síǹkì ló wà lójú rẹ̀ méjèèjì fún mítà kan níbùú lóròó, ìyẹn ò ju máíkírọ́ọ̀nù 20 lọ lójú kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gba gbogbo òjò Ìjẹ̀bú sára.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí nǹkan tí wọ́n fi bo irin bá ṣe nípọn tó ló ṣe máa pẹ́ tó. Ó máa ń ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, àmọ́ bí ojú irin ṣe mọ́ tó kí wọ́n tó bò ó lọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù, torí kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́ tí wọ́n bá ti bò ó tán.

Ohun tó ń mú irin dógùn-ún ò ju omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ lọ, tí iyọ̀ bá wá dà pọ̀ mọ́ ọn ó di wàhálà, ìdí nìyẹn tí irin apá Ogun Waterside tó kan òkun fi ń tètè jẹ ju ti Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Àgó-Ìwòyè lọ. Tí omi ò bá lè dé ara irin, kò lè dógùn-ún, ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀dà nìyẹn. Síǹkì ní ọgbọ́n kan lé e.

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bo irin ní síǹkì, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi sódà gbígbóná wẹ gbogbo òróró àti gírísì kúrò lára irin, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á wá rì í sínú ásíìdì, hydrochloric ló wọ́pọ̀, kí ásíìdì yẹn jẹ ìpáàrà àti èèpá dúdú tó bá irin wá láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, wọ́n á tún ṣàn án, wọ́n á sì rì í bọ omi iyọ̀ síǹkì kan tí ò ní jẹ́ kí ìpáàrà tuntun mú un kó tó dénú ìkòkò. Ìkòkò ńlá yẹn, síǹkì yíyọ́ ló kún inú rẹ̀. Síǹkì máa ń yọ́ tí ooru bá tó bíi 420°C, àmọ́ nǹkan bíi 450 ni wọ́n ń gbé e sí. Tí irin bá wọbẹ̀, síǹkì ò kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ọ̀dà ṣe ń lẹ̀, àwọn méjèèjì á wọnú ara wọn, wọ́n á di ìpele-ìpele, àwọn ìpele kan nínú rẹ̀ tiẹ̀ le ju irin fúnra rẹ̀ lọ. Tí gírísì bá ṣẹ́kù síbì kan, síǹkì ò ní gbà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ á dúdú, ẹ ò sì ní rọ́nà fi ọwọ́ nù ún jáde. Stanislas Sorel, ará Faransé, ló gbàwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà yìí lọ́dún 1837, ìlànà yẹn náà la ṣì ń lò dòní.

Ọgbọ́n tí mo ní síǹkì fi ju ọ̀dà lọ nìyí: tí nǹkan bá ha páìpù náà tí irin yọjú, síǹkì ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ, irin á wà níbẹ̀ láìṣe é ní nǹkan kan, tí ibi tó ha yẹn ò bá ṣáà ti fẹ̀ jù. Ọ̀dà ò lè ṣe ìyẹn. Ibi tí ọ̀dà bá ti là, ìpáàrà á gbabẹ̀ wọlé, á máa rìn lọ lábẹ́ rẹ̀ títí ọ̀dà á fi máa bó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jó irin, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Síǹkì máa ń hó ní 907°C, iná wẹ́dà sì gbóná kọjá ìyẹn fíìfíì, nítorí náà tí ẹ bá jó páìpù tó ní síǹkì lára, síǹkì á di èéfín funfun, ẹni tó bá fà á símú lè wà dáadáa lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́ ara rẹ̀ á gbóná, òtútù á mú un, á máa gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ á máa ṣe é bí ẹni tó lá irin, wọ́n á sì ní ibà ni. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fi ara dá lójoojúmọ́. Mílíìkì tí wọ́n ń mu ò dí èéfín lọ́wọ́. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti jó o, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ síǹkì ojú ibẹ̀ kúrò, tí ẹ bá parí kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ kun ojú ibi tẹ́ ẹ jó, torí kò sí awọ kankan níbẹ̀ mọ́.

Ti géètì ńkọ́? Irin dúdú tuntun tí wẹ́dà ń rà ní èèpá kan lára tó ń dán bí ẹni pé ó mọ́, èèpá yẹn á là, á sì bó, tòun tọ̀dà tó wà lórí rẹ̀ ni. Fáìlì tàbí bébà onírín, tàbí ẹ̀rọ tó ń fọ́n yanrìn, ló ń mú un kúrò, ẹni tó bá sì ń fọ́n yanrìn gbọ́dọ̀ bo imú dáadáa torí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ fi lè mọ̀ bóyá òróró ti kúrò lára irin láìlo owó: ẹ da omi mímọ́ sí i lára, tí omi bá tẹ́ lọ geere láìjá, ó mọ́, tó bá ń ṣù jọ ní kóńkóló-kóńkóló, òróró ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kùn ún, kùn-ún kíákíá sì ni, ẹ má fi sílẹ̀ dọ̀la. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré kun géètì nítorí Ojúde Ọba, láwọn ọdún yìí ó ń bọ́ sí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, àsìkò òjò pọ́ńbélé, ìrì á ti sẹ̀ sára irin láàárọ̀ tí ojú ò tiẹ̀ rí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà ní kí irin fi ó kéré tán 3°C gbóná ju ìwọ̀n ooru tí ìrì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lọ. Ní ti wa, ẹ jẹ́ kí oòrùn ràn án dáadáa kẹ́ ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì.

Kí wọ́n má sì rò pé síǹkì dára síbi gbogbo. Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Páànù síǹkì ni ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ojú rẹ̀, wọ́n á fi ìṣó lu ú nílùukílùu kó lè máa ha, ìṣó yẹn sì ti ya awọ síǹkì ní ojú ihò kọ̀ọ̀kan. Omi kíkan ló wá burú jù, síǹkì ò sì lè fara da omi kíkan, gààrí Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń fẹ́ nítorí pé ó kan, omi tó ń jáde lára àpò rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan lábẹ́ jáàkì, síǹkì lè yọ́ sínú rẹ̀. Síǹkì tó bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ máa ń fa èébì àti inú rírun. Gbogbo ibi tí omi ẹ̀gẹ́ bá ń kàn, stainless ló yẹ níbẹ̀. Stainless náà ní awọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń hu ú: kúróòmù inú rẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń bá ọ́síjìn ṣe awọ kan tó tín-ín-rín débi pé ojú ò lè rí i, tí nǹkan bá sì ha á, á tún hu òmíràn.

Awọ tó tún tín-ín-rín wà nínú ọ̀rá ìpékeré. Èyí tí wọ́n ń tà lójú títì ní ìkóríta Ṣágámù, nínú ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere ló sábà máa ń wà, àmọ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá máa ń dán nínú, alumíníọ̀mù ni. Inú àpótí irin ńlá kan ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde títí èyí tó kù ò fi ní tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá mú alumíníọ̀mù gbóná kọjá 1,400°C títí á fi di oru, ọ̀rá á máa sáré kọjá lókè rẹ̀, oru náà á sì dì mọ́ ọn lára. Tí atẹ́gùn bá wà níbẹ̀, oru yẹn á máa kọlu atẹ́gùn lọ́nà, ọ́síjìn á sì bà á jẹ́ kó tó débì kankan. Ohun tó dì mọ́ ọ̀rá ò ju bíi ìdá 30 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ ó ń dí ìmọ́lẹ̀ àti ọ́síjìn lọ́nà kí òróró ìpékeré má tètè kan.

Irú àpótí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe bíìtì aláwọ̀ góòlù táwọn tó ń gbẹ́ irin fi ń lu ihò. Irin kan tó ń jẹ́ titanium ni wọ́n ń sọ di oru níbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí gáàsì náítírójìn díẹ̀ wọlé, àwọn méjèèjì á pàdé lójú bíìtì, wọ́n á di titanium nitride, tó nípọn bíi máíkírọ́ọ̀nù 2 sí 4, tó sì le ju irin bíìtì náà lọ dáadáa. Àwọ̀ góòlù nìkan ò tó ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀ o. Tí bíìtì bá sì kú tí wọ́n lọ ẹnu rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, awọ ẹnu yẹn ti lọ, èyí tó kù nínú kòtò tí èérún irin ń gbà jáde ṣì ń jẹ́ kí èérún yọ̀ jáde, àmọ́ ẹnu tó ń gé irin ti di irin lásán.